Itọ́ Tí Wọ́n Pè Ní Oyún

Ọjọ́ Àìkú, May 3, 1981

Ìwé, èmi rèé. Ọkọ mi ló mú ọ bọ̀ láti ọ́fíìsì rélùwéè, ó ní kí n máa fi kọ ohun tí mo bá fẹ́ rà lọ́jà. Ọjà tí mò ń rà kò tó kọ sílẹ̀. Màá máa bá ọ sọ̀rọ̀ ni. Ìwọ kò ní imú.

Módà Sùkúù ọdún kejì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde la ṣègbéyàwó ní Gbọ̀ngán, a sì wọkọ̀ wá sí Enugu. Yàrá kan àti pálọ̀ ní Uwani. Ìgbò ni gbogbo ará ilé, àfi àwa. Ọkọ mi dára. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, ta ló ń pe orúkọ ọkọ? Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni. Lẹ́yìn rẹ̀, "wọ́n" ni. Nínú rẹ nìkan ni màá ti máa pè é ní Fáìlì, nítorí bó ṣe máa ń to nǹkan — bàtà, síbí, àní ìrọ̀rí. Kó má rí i o.

Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹnu mi ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹran ìdí eyín mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Erìgì mi wú, ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Ó sì ń rùn. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí, títí kan ìyá mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àgbà ń gbàdúrà pé èmi àti ọkọ mi á fi erìgì jobì, mò ń ṣe àmín, ọwọ́ mi bo ẹnu. Wọ́n ní ìyàwó yìí mà nítìjú o! Inú gbogbo wọn dùn sí ìtìjú mi.

Yóò sàn. Ìlú tuntun, omi tuntun.

Ọjọ́rú, May 6

Orín tún fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀. Mo ti fi orín sílẹ̀. Omi iyọ̀ nìkan ni màá máa fi ṣan ẹnu, títí erìgì yóò fi sinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, May 9

Mo dá lọ sí ọjà Kenyatta, ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò lanu. Mo nawọ́ sí tòmátò, mo nawọ́ sí edé, mo mi orí. Obìnrin aláta rò pé odi ni mí. Ó fi ata kún un, ó ń ṣàánú mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni o.

Mo délé, Màmá Nneka tó wà ní yàrá òdìkejì — olóhùn gíga, ó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé — ó kígbe mọ́ mi: "Nwunye anyị! You no dey talk? Your husband cut your tongue?" Nwunye anyị, "ìyàwó wa" nìyẹn lédè wọn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè mí. Mo tẹrí ba, mo kọjá. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tó ń ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "This one get pride."

Ìgbéraga. Èmi.

Ọjọ́bọ̀, May 14

Fáìlì ti ń ra Tọ́mútọ́mù bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Á jókòó, á bọ́ bàtà, á to ó sábẹ́ àga, á wá na suwíìtì kan sí mi. "Fi sẹ́nu." Ohùn jẹ́jẹ́. Kò ṣàlàyé, èmi náà kò béèrè.

Tó bá dùbúlẹ̀, ògiri ló ń kọjú sí. Kí á tó fẹ́ra, ó máa ń ní ohùn mi ń tu òun lára. Báyìí, kí n tó sọ pé "ẹ káàbọ̀", mo máa ń kọ́kọ́ kọjú sí ìkòkò.

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ọjọ́ Àìkú, May 24

Ojú mi rí nǹkan lónìí. Jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nílé Bàbá Ọláògún, àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èédú. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran fún wa. Ẹran náà le. Bí mo ṣe fi eyín kàn án, ìrora gbá mi dé etí, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Mo fa hańkáṣíìfù yọ, mo tutọ́ sí i, mo ká a. Mo tún tu. Mo tún tu. Màmá Abímbọ́lá, olórí àwọn obìnrin, kàn tẹjú mọ́ mi. Lójijì ló ké: "Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ ń rí itọ́ tí mò ń rí?"

Ni wọ́n bá yí mi ká. Ẹnì kan fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó ní ó ti funfun. Ẹnì kan ní ṣé oúnjẹ ń wù mí. Màmá Abímbọ́lá bi mí létí bóyá mo ti rí nǹkan oṣù mi. Mo mi orí. Kò tíì wá lóòótọ́, ó sì yẹ kó ti wá. Háà! Ariwo! "Aṣọ ìyàwó ò tíì bọ́ sínú omi ìfọṣọ o!" "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò fi ti sùúrù ṣe!" Wọ́n pariwo rẹ̀ sí àwọn ọkùnrin. Bàbá Ọláògún gbá ọkọ mi léjìká, ó ní, "Akọ̀wé, ọwọ́ ẹ mà yá o!" Fáìlì rẹ́rìn-ín títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi hàn.

Mi ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni o. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbí kí n ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú hańkáṣíìfù mi?

Lọ́nà ilé, ó di ọwọ́ mi mú. Kò fún mi ní suwíìtì.

Ọjọ́ Ajé, May 25

Bóyá lóòótọ́ ni. Jésù, jẹ́ kó jẹ́ lóòótọ́.

Ọjọ́rú, June 3

Nǹkan kan ti dé sára mi, mi ò mọ orúkọ tí màá pè é. Kì í ṣe ibà, ara mi tutù. Kì í ṣe àárò ilé, mi ò tiẹ̀ fẹ́ kí ará ilé rí mi. Mo jí, mò ń wo àjà. Òòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó rìn kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jáde. Mi ò dìde. Omi wà nínú garawa, mi ò lè wẹ̀. Sítóòfù wà nílẹ̀, mi ò lè tàn án. Omijé ń dà, mi ò sì ronú kan nǹkan kan. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ tútù bò mí lórí, tí ẹnikẹ́ni ò rántí ká a kúrò.

Fáìlì dé, kò bá oúnjẹ. Ó kàn ní, "Oyún ni. Màmá Abímbọ́lá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀." Ó fọ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀.

Gbogbo ohun tó ń ṣe mí ni wọ́n ti ní orúkọ fún. Mo sunkún — oyún. Mi ò jẹun — oyún. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ — oyún. Òórùn ẹnu mi pàápàá, Màmá Abímbọ́lá ní bí ẹnu aboyún ṣe máa ń rí nìyẹn.

Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Mo ní, "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, June 5

Fáìlì ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìkirè pé ìyàwó ti lóyún. Sírájúdéènì, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn, ló gbé iṣẹ́ náà lọ. Kò kọ́kọ́ bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì, June 12

Eyín iwájú kan ń mì. Bí mo bá fi ahọ́n tì í, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Erìgì ti sún kúrò lára rẹ̀, ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ó dà bí eyín ẹlòmíràn. Ògì ni mò ń mu láàárọ̀, ògì ni lálẹ́. Ìró mi ń yọ̀ bọ́ ní ìbàdí. Aboyún wo ló ń rù báyìí? Màmá Abímbọ́lá ní àwọn kan máa ń rù ná kí wọ́n tó sanra. Ó ní kí n máa dúpẹ́.

Mò ń dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, June 15

Mi ò dìde lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, June 20

Mo fẹ́ kọ èyí kí n lè mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Màmá Nneka ní kí n bá òun lọ sí Ogbete, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí mi. Ó ní mo ti ń di òkú sínú yàrá. A dé ibi tí ojú irin gbé dábùú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, àwọn èèyàn dúró. Èmi náà dúró, ṣùgbọ́n ibi tí èmi dúró sí ti sún mọ́ ojú irin jù. Mi ò fò síwájú. Mi ò sì sún sẹ́yìn. Mo kàn dúró ni, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì ń rò ó pé ariwo tó pọ̀ tó báyìí, bó bá kọjá lórí èèyàn, gbogbo nǹkan á dákẹ́. Òun nìkan ni mo rò. Kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí nìyẹn.

Màmá Nneka fi ìró fà mí sẹ́yìn, aṣọ náà ya. Ó gbá mi lẹ́yìn. "You dey craze? You wan die for my hand?" Ó tún gbá mi. Lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ mi lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, gbogbo ayé ń wò wá, òun gan-an ló ń gbọ̀n jù mí lọ. Ẹnu mi wà lẹ́bàá imú rẹ̀. Kò yẹra.

Ó ní, "This one no be only belle." Ó ní òun fúnra òun ló máa mú mi lọ sọ́sibítù ní Túsìdeè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, June 23

Bẹ́ǹṣì àwọn aboyún. Ikùn, ikùn, ikùn. Àwọn kan gbé hańdíbáàgì lé e lórí. Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn mi, ó gba ìtọ̀ mi lọ, ó padà wá. "Madam, nothing dey inside." Mo ní, "Mà?" Ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́. Ó ní èèyàn tí kò jẹun, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dúró.

Ẹni tí kò wà rí, mò ń sunkún rẹ̀. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ o.

Ibi tí mo ti lanu sunkún ni nọ́ọ̀sì ti rí i. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Chineke! Since when?" Ó fún mi ní káàdì: Ọjọ́bọ̀, lọ́dọ̀ dókítà eléyín.

Ọjọ́bọ̀, June 25

Dókítà eléyín náà, kọ́pà ni, ọmọ Yorùbá, Olúdáìsí ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá jáde. Bí Ìgbò bá rí ẹnu mi, ta ni yóò sọ fún ní Gbọ̀ngán? Àmọ́ Yorùbá! Ó ní, "Ẹ jókòó, mà, ẹ má bẹ̀rù." Ó dàgbà jù mí lọ, ó ń pè mí ní mà. Mo la ẹnu, mo ń ṣọ́ imú rẹ̀. Kò yí i padà.

Ó ní àìsàn ìdí eyín ni. Ìdọ̀tí ti le bí òkúta sábẹ́ erìgì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ẹnu mi fi ń pariwo pé kí n tọ́jú òun, èmi wá fi orín sílẹ̀ pátápátá. Mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni o!

Lẹ́yìn náà ló wá ń bi mí ní ohun tí kò kan eyín. Ṣé mò ń sùn? Ṣé nǹkan kan wà tó ń dùn mọ́ mi? Ṣé ó máa ń ṣe mí bíi kí n má sí láyé? Mò ń wo àjà. Ó yé e.

Ó ní òun ti rí i lára àwọn mìíràn. Ẹni tí ẹnu ń dùn á máa sá fún èèyàn, bó bá ń sá fún èèyàn, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti rẹ̀wẹ̀sì, agbára àtitọ́jú ẹnu ò sí mọ́. Ìkíní ń ti èkejì. Mo ní èwo ló kọ́kọ́ dé sára mi? Ó ní òun ò mọ̀, ìwé tí òun kà pàápàá kò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní a ó tọ́jú méjèèjì, dókítà kan wà tí òun máa mú mi lọ bá nítorí ti ọkàn. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà.

Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Mò ń wí i délé.

Ó fi irin ha apá kan. Ìrora tó wà níbẹ̀! Mo di àga mú bí ẹni tó wà lórí alùpùpù. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kí n máa bọ̀. Ó ní kí n má pa ọ̀kan jẹ, pàápàá nítorí eyín tó ń mì yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, June 26

Mo sọ fún Fáìlì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Pé kò sí oyún. Pé ẹnu mi ń ṣàìsàn, ọkàn mi náà ń ṣàìsàn. Ó to síbí dọ́gba sórí àwo. Ó tún un tò. Ó ní, "Màmá mi ń dé lọ́tùn-únla."

Ó ní gbogbo Ìkirè ti gbọ́. Ó ní kí n má sọ nǹkan kan. Kí ìyá òun wá, kí inú wọn dùn, kí wọ́n máa lọ. Tó bá yá, a ó ránṣẹ́ pé ó ti bàjẹ́.

A ó pa ọmọ tí kò sí. Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún, mi ò sọ ọ́ síta.

Kò béèrè bí ẹnu ṣe ń dùn mí tó.

Ọjọ́ Àìkú, June 28

Màámi dé. Obìnrin kúkurú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó ti ń sọ pé, "Kúnmi, ọmọ mi ń fi ebi pa yín ni? Èwo ni ti egungun ọrùn yìí?" Gàrí, epo, dòdò Ìkirè, àgbo nínú ìgò. Ó tú ọ̀já kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpò, èyí tó fi pọn Fáìlì. Ó ti ṣá, ó sì mọ́ tónítóní. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé mi nínú, ó gbàdúrà títí. Ọwọ́ rẹ̀ móoru. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí báyẹn. Fáìlì ló ń ṣe àmín tó ga jù.

Ọjọ́bọ̀, July 2

Ọjọ́ ẹnu mi. Fáìlì ní kí n má lọ, kí la fẹ́ sọ fún Màámi pé mo wá lọ ṣe? Mo jókòó sílé. Apá tí wọn ò tíì ha ń sọ kì-kì-kì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, July 4

Ó ti tú.

Màámi sun àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Ó yan èyí tó tóbi jù, ó ní ti ọmọ òun nínú ikùn ni, kí n jẹ ẹ́ lójú òun. Mo ní mo ti yó. Ó ní, "Yó kẹ̀? Ògì lo mu láti àárọ̀! Jẹ ẹ́, jàre." Mo gé e jẹ. Eyín iwájú mi dúró sára àgbàdo náà, ó wà láàárín àwọn hóró bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù. Ẹ̀jẹ̀ dà sí mi lágbọ̀n. Màámi ké.

Mo wo Fáìlì. Ó rọra mi orí sí mi. Má sọ.

Mo sì sọ. Mi ò mọ bó ṣe jáde. Mo ní, "Màámi, kò sí oyún. Kò sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ló ń ṣe mí, ó sì ti wọ inú ọkàn mi." Mo sọ ti itọ́ nílé Bàbá Ọláògún. Mo sọ ti dókítà. Mo sọ ti ojú irin, èyí tí Fáìlì pàápàá kò gbọ́ rí. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ihò níwájú ẹnu.

Màámi yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ́níyì, o mọ̀?" Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." "Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. O mọ̀, àbí o ò mọ̀?" Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò sí oyún, mà."

Màámi ju àgbàdo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iná, ó wọlé. Kò sí àdúrà ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, July 6

Màámi ti ká ọ̀já padà sínú àpò. Fáìlì ń sùn lórí àga ní pálọ̀.

Mo gbọ́ wọn lẹ́yìnkùlé. Ohùn Màámi: "Mò ń mú un lọ." Ti Fáìlì kò gbọ́ sétí. Ohùn Màámi lẹ́ẹ̀kan sí i: "Mo ní mò ń mú un lọ."

Síbo? Lọ́dọ̀ wa, bí ìyá ọkọ bá fúnra rẹ̀ di ẹrù ìyàwó, gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó jẹ́. Ilé bàbá rẹ̀ ni. Bàbá mi á jókòó, á gbà mí lọ́wọ́ wọn, kò ní sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, July 7

Màámi di ẹrù mi láàárọ̀. Àpótí kan, garawa kan, ẹní. Tákísì tó máa gbé wa lọ sí páàkì dé. Mo ní, "Màámi, ilé wa ni, àbí ilé yín?" Ó ní, "Wọ mọ́tò."

Fáìlì ń bọ̀ wá gbé àpótí. Ni mo bá jókòó lé e lórí.

Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ẹnu mi. Mo ní mo ti pa ọ̀kan jẹ, eyín kan ti lọ nínú rẹ̀, mi ò ní pa òmíràn jẹ. "Màámi, ẹ máà bínú. Mi ò lọ. Ó di ẹ̀yìn Ọjọ́bọ̀." Mi ò sọ "mi ò lọ" fún àgbà rí láyé mi. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ bí mo bá dìde lórí àpótí, wọ́n á gbé e.

Awakọ̀ ń fọn fèrè. "Mama, una dey go or una no dey go?" Màmá Nneka ti jáde, ó káwọ́ gbera lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀. Fáìlì ní, "Kúnmi, dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá." Mo wò ó. Mi ò dìde.

Màámi dúró. Ó wo ẹnu mi, ibi tí eyín ti kúrò gan-an, ó wò ó pẹ́. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó yíjú sí awakọ̀, ó na ìka sókè, ó ní, "Friday. Come Friday." Ó sọ fún Fáìlì pé òun náà máa tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́bọ̀, òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ohun tí dókítà yẹn fẹ́ wí. "Gbé àpótí wọlé." Fáìlì gbé e wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màámi po ògì fún mi. Mo ní, "Màámi, lọ́jọ́ Ẹtì, ilé wo là ń lọ?" Ó da wàrà sí i, ó rò ó, ó gbé e sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n mu ún kó tó tutù.